Omi Tó Jáde Nísàlẹ̀

1.

…títí omi á fi jáde nísàlẹ̀ ìkòkò. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì o. Kó jáde dáadáa. Tí ẹ bá bu ife márùn-ún sí i, ó yẹ kí bí ife kan jáde. Èyí tó bá jáde, ẹ má jẹ́ kó dúró nínú abọ́ ìsàlẹ̀, torí ìkòkò á tún fà á mu padà. Ẹ dà á nù. Bàbá, èèpo àgbọn kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ojú rẹ̀ bá gbẹ kí ẹ tó bomi rin ín. Ojoojúmọ́ ni. Ẹ sì máa po ajílẹ̀ mọ́ omi náà nígbà gbogbo, torí èèpo àgbọn fúnra rẹ̀ kò ní oúnjẹ kankan nínú.

(Ọmọ mi obìnrin ló kọ ọ́. Ojú ìwé kìíní bọ́ sínú omi, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ti dà pọ̀. Ìyókù ni mo lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì.)

2.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka mítà omi láti ilé dé ilé. Kan ilẹ̀kùn, kúnlẹ̀ ti mítà, kọ nọ́ńbà, ó dàbọ̀. Ilé tí mo ti wọ̀ láyé mi kò lóǹkà. Èyí tí wọ́n ti ní kí n jókòó, ìka ọwọ́ kan tó ó kà.

Àjà kẹta ni mò ń gbé. Èmi nìkan. Ìyá ọmọ mi kú lóṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn.

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín.

Àfi apá kẹjọ.

3.

[Tí ọmọ mi bá ti gbé fóònù sílẹ̀, mo máa ń jókòó kọ ohun tí a sọ. Kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i.]

ỌMỌ: Bàbá, ṣé ẹrù yín ti dé?

ÈMI: Ó dé. Ọmọ tòmátì méjìlá nínú páálí. Kí ni mo fẹ́ fi bíríkì ṣe?

ỌMỌ: Kì í ṣe bíríkì. Èèpo àgbọn ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ pọ̀. Ẹ fi sínú omi, á wú. Òun la fi ń gbin tòmátì níbi iṣẹ́ wa. Kókò làwa ń pè é.

ÈMI: Kòkó? Èyí tí wọ́n ń fi ṣe tíì?

ỌMỌ: Bàbá. Àgbọn.

ÈMI: Mo ti gbọ́. Àgbọn.

ỌMỌ: Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbin nǹkan sí i. Iyọ̀ wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é.

ÈMI: Bí ẹni ń fọ ìrẹsì.

ỌMỌ: Ẹ̀hẹ́n. Mítà kékeré kan wà nínú páálí náà, ó rí bíi bírò. Ẹ tì í bọ omi, á sọ iye iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ máa ka èyí tó wọlé, ẹ máa ka èyí tó jáde. Ẹ mọ mítà í kà, àbí?

ÈMI: Ṣé o fẹ́ bú mi ni?

(Ó rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rẹ́rìn-ín.)

ÈMI: Kí ló dé tí o fi kó gbogbo èyí ránṣẹ́ sí mi?

ỌMỌ: Kí ẹ lè rí nǹkan jí sí láàárọ̀. Kí èmi náà lè mọ̀ pé ẹ ṣì lè dá tọ́jú ara yín. Tí kò bá rọrùn, ẹ sọ o. Ibùsùn wà lọ́dọ̀ wa.

4.

Ìdánwò ni. Bí àwọn tòmátì yìí bá kú, wọ́n á wá mú mi lọ.

5.

ÌWÉ KÍKÀ

Ilé kìíní dé Ilé kejìlá ni mo pe àwọn ìkòkò náà. Nọ́ńbà ni mo mọ̀ nílé ayé.

Ọjọ́ 1. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.5. Omi tó jáde pọ́n bíi tíì.

Ọjọ́ 6. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.5. Ilé kẹrin ti ga ju ìyókù lọ. Agbéraga.

Ọjọ́ 11. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.6. Aago méje ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ọjọ́ 18. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.5. Òdòdó àkọ́kọ́, Ilé kẹsàn-án. Mo ya fọ́tò mẹ́rìnlá.

6.

(Lára ògiri àtẹ̀gùn, Ọjọ́ 19)

ÌKÉDE

SÍ ẸNI TÓ Ń GBÉ ÀJÀ KẸTA.

OMI Ń KÁN LÁTI BÁKÓNÌ YÍN SÓRÍ AṢỌ ÀWỌN ONÍBÀÁRÀ MI. OMI NÁÀ Ń YÍ AṢỌ LÁWỌ̀. AṢỌ FUNFUN MẸ́RIN TI BÀJẸ́.

Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ DÁ A DÚRÓ.

— Aránṣọ, àjà kejì

7.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè.

Gbogbo ọdún tí mo fi kan ilẹ̀kùn, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo mú ìwé dání. Ọkùnrin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí kò mú ìwé dání, tó wá dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn: kí ló fẹ́?

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké nínú ilé.

Mo padà sókè. Mo pinnu pé ife kan péré ni ìkòkò kọ̀ọ̀kan á máa mu lójúmọ́. Kí ohunkóhun má jáde mọ́.

8.

Ọjọ́ 20. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.5.

Ọjọ́ 23. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.6.

Ọjọ́ 27. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.5.

Ọjọ́ 31. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.6.

Ọjọ́ 36. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.7.

9.

BÍ A ṢE Ń KỌ NỌ́ŃBÀ TÍ A KÒ KÀ

Wo ti ìgbà tó kọjá.

Fi díẹ̀ lé e.

Má fi òdo parí rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í gba òdo gbọ́.

Pààrọ̀ bírò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo máa ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, tí ajá bá wà nínú ọgbà ilé tí mo fẹ́ wọ̀. Kò pọ̀.

Ó pọ̀ díẹ̀.

Kò sí ajá ní bákónì mi.

10.

(Lórí fóònù)

ỌMỌ: E kaaro sa. Tomati nko?

ÈMI: Won ni ki n ki o.

ỌMỌ: E fi foto ranse.

ÈMI: [fọ́tò]

ỌMỌ: O ma dara o!! E ku ise.

(Fọ́tò Ọjọ́ 18 ni.)

(Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún béèrè. Fọ́tò Ọjọ́ 18 náà ni. Mo ṣáà ti sọ pé mo ya mẹ́rìnlá.)

11.

Ohun tó wà ní bákónì nìyí.

Etí ewé ti ń jó, bíi bébà tí iná fọwọ́ kàn. Ojú èèpo àgbọn ti funfun, bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e. Mo fi ìka kàn án, mo fi kan ahọ́n.

Iyọ̀.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ajílẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, nǹkan kan kò jáde. Igi ń mu omi, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tún fún un ní òmíràn. Ìkìlọ̀ ọmọ mi wà lára fìríìjì. Mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo bá fẹ́ mu omi.

Ilé kẹta ló kọ́kọ́ lọ. Ilé keje, ìkẹjọ àti ìkọkànlá tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé kẹrin tó ń gbéra ga, ó tẹrí ba.

12.

OHÙN TÍ MO GBỌ́ LỌ́SẸ̀ YÌÍ

Fìríìjì.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ìsàlẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú kan ní aago méje. N kò mọ ìdí.

Obìnrin inú rédíò tó máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Ẹsẹ̀ ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn, lọ́jọ́ Ajé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sé mí mọ́nú. Ó lọ.

Ẹsẹ̀ náà, lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ohùn tèmi, nígbà tí mò ń ka iye ife.

13.

Mo pe ọmọ mi. Kò gbé e. Mo sọ fún fóònù pé kò sí nǹkan kan.

14.

(Bébà tí wọ́n tì wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, Ọjọ́ 44)

Bàbá òkè,

Ẹ kú ilé. Omi yín kò kán mọ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, mo kà á. Ṣé kò sí o?

Bí ẹ bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó kán.

— Aránṣọ

15.

(Bí Aránṣọ ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà nìyí. Mo kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde.)

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ẹ̀rọ mi wà. Aago méje ni omi òkè máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó. Tó. Tó. Mo bínú, n kò ní purọ́. Aṣọ funfun mẹ́rin! Mo kọ ìkéde. Omi dúró. Inú mi dùn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí i pé mo gbé orí sókè ní aago méje. Lọ́jọ́ karùn-ún, bákan náà. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo tẹ́tí. Ẹ̀ẹ̀dẹ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Àwọn ọmọ mi ti ṣí lọ, oníkálukú wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á ní ọwọ́ aṣọ gùn jù, wọ́n á lọ. Mo wá rí i pé omi tí mò ń bá jà yẹn, òun nìkan ló máa ń kí mi láàárọ̀.

Mo gun òkè lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi etí lé ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé omi kò kán mọ́? N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ga ni tàbí ó kúrú. Ojú tì mí, mo sọ̀ kalẹ̀.

16.

(Ẹnu ọ̀nà àjà kejì, Ọjọ́ 44, ọ̀sán)

ARÁNṢỌ: Ta nìyẹn?

ÈMI: Òkè.

(Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta lẹ́nu. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.)

ARÁNṢỌ: Ẹ wà láàyè.

ÈMI: Mo wà.

ARÁNṢỌ: Kí ló wá ṣe omi?

ÈMI: Ẹ ní kí n dá a dúró.

ARÁNṢỌ: Omi ni mo ní kí ẹ dá dúró. Ṣé mo ní kí ẹ dá mímí dúró ni? Mo wá sẹ́nu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mejì!

ÈMI: Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín.

ARÁNṢỌ: Ẹ gbọ́.

ÈMI: Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ lẹ tún bá wá.

(Mo wo bàtà mi: ẹsẹ̀ kan dúdú, èkejì búráwùn.)

ARÁNṢỌ: Ẹ wọlé, ẹ jókòó.

(Mo jókòó.)

17.

(Lórí fóònù, Ọjọ́ 45)

ỌMỌ: Baba, mo n bo ni Satide. E ma se wahala ounje. Mo kan fe ri yin ni.

(Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni: mò ń bọ̀ wá mú yín.)

18.

(Láti ara fìríìjì, ojú ìwé kẹta)

Tí nọ́ńbà tó ń jáde bá fi púpọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, iyọ̀ ti há sínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣan án. Ẹ má lo omi lásán o, ẹ po ajílẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, kí gbòǹgbò má baà jìyà. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìkòkò gbà ni kí ẹ dà sí i. Ẹ rọra. Ẹ máa ka èyí tó ń jáde títí á fi sún mọ́ èyí tó ń wọlé. Kò ní tán lẹ́ẹ̀kan, Bàbá. Ẹ ṣe sùúrù.

19.

Ìkòkò lítà mẹ́wàá. Ìlọ́po mẹ́ta, ọgbọ̀n lítà. Ààyè márùn-ún. Àádọ́jọ lítà omi.

Orúnkún mi kò lè gbé garawa kan dé bákónì.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn.

20.

Ọjọ́ 46, aago mẹ́wàá àárọ̀. Aránṣọ ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Ó gbé báàsìn ńlá méjì wá, àti pákó méjì láti abẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. A fi pákó dábùú ẹnu báàsìn, a gbé ìkòkò lé e. Òun ń pọn omi. Èmi ń dà á.

ARÁNṢỌ: Ẹ rọra. Ẹ ń dà á bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

ÈMI: Ṣé ẹ ti ṣe é rí ni?

ARÁNṢỌ: Mo ti pa aṣọ láró rí. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni àwọ̀ ń jáde lára aṣọ.

Ilé kẹsàn-án la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti mítà bọ omi tó jáde. Mo kà á. Mo kà á ní ti gidi.

5.2

Aránṣọ ní, "Ṣé ó burú?" Mo ní ó burú. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa dà á lọ."

4.4

3.7

Omi náà pọ́n, ó ń hó díẹ̀ létí. A gbé báàsìn lọ da omi rẹ̀ sí balùwẹ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn láti oṣù mẹ́rìnlá, àfi nínú fóònù.

2.9

2.3

Ó bi mí irú èèyàn tí ìyàwó mi jẹ́. Mo ní ó máa ń pariwo. Mo ní ó máa ń pè mí láti yàrá kan sí èkejì torí nǹkan tí kò tó nǹkan. Mo ní ó máa ń bí mi nínú. Ife wá dúró lọ́wọ́ mi. Aránṣọ gba ife lọ́wọ́ mi, ó ń dà á lọ.

1.9

21.

ÀBỌ̀ ÌBẸ̀WÒ

Ilé 1: òfìfo.

Ilé 2: wà láàyè. Ewé mẹ́fà.

Ilé 3: òfìfo.

Ilé 4: wà láàyè. N kò gbà á gbọ́.

Ilé 5: wà láàyè.

Ilé 6: òfìfo.

Ilé 7: òfìfo.

Ilé 8: òfìfo.

Ilé 9: wà láàyè. Òdòdó rẹ̀ ti rẹ̀.

Ilé 10: bóyá.

Ilé 11: òfìfo.

Ilé 12: òfìfo.

22.

(Ọjọ́ 47. Èmi ni mo pè é.)

ÈMI: Kí o tó wá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ.

ỌMỌ: Bàbá, ṣé ara yín yá?

ÈMI: Méje ti kú. Mo purọ́. Fọ́tò ọjọ́ kan náà ni mo ń fi ránṣẹ́. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sínú ìwé, mo hùmọ̀ wọn ni. N kò jẹ́ kí omi jáde.

ỌMỌ: Mo mọ̀.

ÈMI: O mọ̀?

ỌMỌ: Aṣọ ìnura pupa kan wà lórí irin bákónì yín. Inú fọ́tò gbogbo ló wà, ó ṣẹ́po bákan náà. Bàbá, kò sí ẹni tó ń sá aṣọ ìnura fún oṣù kan.

ÈMI: Kí ló dé tí o kò sọ?

ỌMỌ: Kí ni n bá sọ? Ẹ̀yin ń fi fọ́tò àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà ń…

ÈMI: Ìwọ náà ń kí ni?

ỌMỌ: Kò sí. Ká ríra lọ́la.

ÈMI: Tí o bá fẹ́ mú mi lọ, mo máa di ẹrù mi. N kò ní jà.

ỌMỌ: Ta ló ní mo fẹ́ mú yín lọ?

23.

Sátidé. Ọmọ mi dé ní ọ̀sán. Ọkọ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Àpò ńlá méjì ló gbé. Irú àpò tí èèyàn kì í gbé wá kí bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á dìde. Ó ti fẹ́ẹ́rẹ́.

Ó lọ sí bákónì. Ó fọwọ́ kan ewé Ilé kẹrin, ó yí i padà, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó ti ìka bọ inú èèpo àgbọn títí dé oríkèé.

"Ta ló bá yín ṣan án?"

"Aránṣọ ìsàlẹ̀."

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó tún dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ nínú ìkòkò. Ó kẹ́yìn sí mi. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá kí n lọ bá a. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bákónì. Lẹ́yìn náà mo lọ bá a.

N kò bi í ní nǹkan kan.

24.

Ọjọ́ 51. Wọlé: 1.4. Jáde: 1.7. Mo kà á.

Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Àwọn àpò náà wà níbi tó gbé wọn sí. Kò tíì tú wọn.

25.

OHUN TÍ N KÒ TÍÌ BI Í

Níbo ni ọkọ rẹ wà?

Ta ló ṣẹ̀ ta?

Títí di ìgbà wo?

Láti ìgbà wo ni ìwọ náà ti ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan?

26.

Ó ń pè mí láti ilé ìdáná. Bóyá torí nǹkan tí kò tó nǹkan ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbọ́…